"Bẹ́ẹ̀ ni" kì í ṣe "Yes" nígbà gbogbo: Ìdáhùn kúkúrú àti ìtọrọ àyè lẹ́nu ọmọ Yorùbá tí ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì

Bí olùkọ́ kan ní Ìkọ̀yà, ìlú Abòdì ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, bá bi ọmọ kíláàsì kẹrin léèrè pé, "Haven't you done your homework?", tí ọmọ náà kò sì tíì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ní kí ó ṣe wá láti ilé, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "Yes, sir." Olùkọ́ tí òun náà jẹ́ ọmọ Yorùbá lè mọ ohun tí ọmọ ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bí sínú èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò gbà pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tí ó bá ṣí ìwé, tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀, yóò ní ọmọ náà purọ́. Bẹ́ẹ̀ ọmọ kò purọ́ rárá. Òótọ́ ni ó sọ. Òfin èdè Yorùbá ni ó fi sọ ọ́.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọmọ kan, tí ó dìde tí ó ní, "Sir, I want to drink water." Ọmọ náà ti tẹríba, ó ti fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó ti pe olùkọ́ ní "sir". Lójú tirẹ̀, ó ti tọrọ àyè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní etí ẹlẹ́dẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó fẹ́ nìkan ni ó sọ, kò tíì tọrọ àyè kankan.

Ìdáhùn kúkúrú àti ìtọrọ àyè wà lára ohun tí ìwé ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń fi ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta parí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ń kọsẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé orí wọn kò pé. Ohun tí ó ń fa á ni pé èdè méjèèjì kò gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà kan náà. Olùkọ́ tí ó bá mọ ibi tí ọ̀nà ti yà yóò dín wàhálà ara rẹ̀ kù, yóò sì gba ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀gàn tí kò tọ́ sí wọn.

Ọ̀rọ̀ náà tún ti lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Dókítà Tunji Alausa, kéde pé ìjọba ti fagi lé ìlànà náà, àti pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ó máa fi kọ́ni láti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi títí dé yunifásítì. Ohun yòówù kí ènìyàn rò nípa ìpinnu yìí, àwọn ọmọ tí ń sọ Ìkálẹ̀ nílé ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Bí wọ́n bá sì dàgbà, ìdánwò JAMB ń dúró dè wọ́n, níbi tí ìbéèrè 60 lórí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ dandan fún gbogbo olùdánwò, yálà ìṣègùn ni ó fẹ́ kọ́ tàbí iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ohun tí "bẹ́ẹ̀ ni" ń fọwọ́ sí

Nínú èdè Yorùbá, "bẹ́ẹ̀ ni" túmọ̀ sí pé bí o ti sọ ọ́ ni ó rí. Èrò tí ó wà nínú ìbéèrè ni a ń fọwọ́ sí. Bí a bá bi ènìyàn pé, "Ṣé o kò tíì jẹun?", tí ó sì dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni", gbogbo ará ilé ti mọ̀ pé ebi ń pa á. Bí ó bá ti jẹun, yóò ní, "Rárá o, mo ti jẹun" tàbí "Ó tì o, mo ti jẹun." Kò sí ọmọ ọdún mẹ́ta tí èyí ń dà láàmú.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò wo èrò inú ìbéèrè. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an ni ó ń wò. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, "Yes" ni. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, "No" ni, ìbáà jẹ́ pé ìyísódì wà nínú ìbéèrè tàbí kò sí níbẹ̀. Nítorí náà, "Have you eaten?" àti "Haven't you eaten?" gba ìdáhùn kan náà lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì jẹun: "No, I haven't." Ẹni tí ó bá ti jẹun yóò ní, "Yes, I have." Òfin tí ọmọ ní láti há sórí kò ju èyí lọ: "Yes" kì í bá "not" gbé nínú ìdáhùn kúkúrú, "No" kò sì gbọdọ̀ wà níbẹ̀ láìsí "not" lẹ́yìn rẹ̀.

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Japan náà, èrò inú ìbéèrè ni wọ́n ń fọwọ́ sí. Àwọn èdè ilẹ̀ Yúróòpù mìíràn sì wá ọgbọ́n mìíràn dá sí i. Àwọn Faransé ní "si" tí wọ́n fi ń ta ko ìbéèrè tí ó ní ìyísódì nínú. Àwọn ọmọ Yorùbá ní Kétu àti Ṣábẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n ń fi Faransé kàwé, mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ará Jámánì ní "doch", àwọn ará ilẹ̀ Hóláńdì sì ní "jawel". Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe aṣèrànwọ́ tí ó tẹ̀ lé "Yes" tàbí "No" ni ó fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi ń tẹnu mọ́ ọn pé "Yes" nìkan kò tó.

Láàárín ara wa, a máa ń gbọ́ ara wa yé. Ewu wà bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ẹni tí kì í ṣe tiwa. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé aláìsàn kan wà ní ilé ìwòsàn ní London, tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí nọ́ọ̀sì sì bi í pé, "You haven't eaten this morning, have you?" Bí ó bá dáhùn pé "Yes", tí ó ní i lọ́kàn pé òótọ́ ni, òun kò jẹun, ohun tí nọ́ọ̀sì lè gbọ́ ni pé ó ti jẹun, wọ́n sì lè sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú. Bí ẹlẹ́rìí bá dúró ní ilé ẹjọ́, tí lọ́yà bi í pé, "You did not see him that night?", "Yes" kan ṣoṣo lè yí ẹ̀rí rẹ̀ po. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni ń fọ́. "No, I didn't" ni ì bá gbà á sílẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta

Yorùbá ní ọ̀nà kejì tí ó fi ń dáhùn, èyí ni kí a tún ọ̀rọ̀-ìṣe inú ìbéèrè sọ. "Ṣé o rí i?" "Mo rí i." "Ṣé ó dùn?" "Ó dùn." Nígbà tí ọmọ bá gbé àṣà yìí wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí a ń gbọ́ ni "Did you see it?" "Yes, I saw." Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò fẹ́ kí a tún olórí ọ̀rọ̀-ìṣe sọ, aṣèrànwọ́ nìkan ni ó fẹ́: "Yes, I did."

Ìdáhùn yìí kúrú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Kí a mú "Is your mother at home?" gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ ní láti mọ̀ bóyá "Yes" ni tàbí "No". Lẹ́yìn náà, yóò yan ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ. Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ pé "Yes, he is", nítorí pé "ó" kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún ọkùnrin, obìnrin, ewúrẹ́ àti àga. Ìkẹta ni aṣèrànwọ́, tí ó gbọ́dọ̀ bá ti inú ìbéèrè mu: "is" ń fẹ́ "is", "did" ń fẹ́ "did", "can" ń fẹ́ "can". Ọmọ tí wọ́n ti fi "Yes, I do" kọ́ bí orin yóò máa sọ ọ́ síbi gbogbo, títí kan ìgbà tí wọ́n bá bi í pé "Can you swim?"

Ohun kékeré kan tún wà tí olùkọ́ púpọ̀ kì í sọ. A lè gé ọ̀rọ̀ kúrú bí ó bá jẹ́ "No": "No, I'm not", "No, she isn't". Ṣùgbọ́n a kì í gé e bí ó bá jẹ́ "Yes". "Yes, I'm" kì í ṣe ìdáhùn. "Yes, I am" ni. Ìdí ni pé aṣèrànwọ́ ni ó gbé ìtumọ̀ dání níbẹ̀, ohùn sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè ìparí gbólóhùn kò jìnnà sí èyí. Yorùbá ní "àbí?" àti "ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́?", tí wọn kì í yí padà rárá. Láti ibẹ̀ ni "isn't it?" tí a ń fi parí gbogbo gbólóhùn ti wá: "You saw him, isn't it?" Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ "You saw him, didn't you?" Ẹni tí ó bá ti mọ ìdáhùn kúkúrú dáadáa kò ní í ṣòro fún láti mọ èyí, nítorí aṣèrànwọ́ kan náà ni wọ́n ń lò.

"Lè" kan, "can", "may" àti "could"

Bí a bá wá dé orí ìtọrọ àyè, "lè" ni ọ̀rọ̀ tí ó súnmọ́ ọn jù nínú Yorùbá. Agbára wà nínú "lè", àyè náà sì wà nínú rẹ̀. "Mo lè gun ọ̀pẹ" ń sọ nípa agbára. "Ṣé mo lè wọlé?" ń tọrọ àyè. Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ yìí sí ọ̀nà mẹ́ta.

"Can" ni ó ń sọ nípa agbára, ó sì tún ń tọrọ àyè láàárín ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀. "May" kì í sọ nípa agbára rárá. Àyè ni ó ń tọrọ, ó sì wúlò fún àgbà, olùkọ́, ọ̀gá ibi iṣẹ́ àti lẹ́tà. Àwọn olùkọ́ àtijọ́ máa ń sọ pé àṣìṣe ni kí a fi "can" tọrọ àyè. Lóde òní, àwọn òyìnbó fúnra wọn ń fi í tọrọ àyè lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n "may" ṣì ni ó bá ibi ọ̀wọ̀ mu.

"Could" ni ó ń da àwọn ọmọ láàmú jù, nítorí pé wọ́n ti kọ́ wọn pé ohun tí ó ti kọjá ni ó wà fún. Nínú "Could I use your phone?", kò sí ohun tí ó ti kọjá níbẹ̀. Ṣe ni a ń fi í sọ ọ̀rọ̀ di rírọ̀, bí ìgbà tí Yorùbá bá ní, "Bí kò bá ní í ni yín lára". Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fún ni láyè kò gbọdọ̀ dáhùn pé "Yes, you could." "Yes, you can" tàbí "Yes, of course" ni yóò sọ. "Could" ń tọrọ àyè, kì í fún ni láyè.

Ìbéèrè kan tún wà tí ó máa ń dàbí ẹ̀tàn: "Would you mind if I sat here?" Ọ̀pọ̀ ń dáhùn pé "Yes", tí wọ́n rò pé àwọn ń fi àyè sílẹ̀. Ohun tí ìbéèrè náà ń béèrè ni pé, ǹjẹ́ yóò dùn yín bí mo bá jókòó síbí? Ní Yorùbá pàápàá, "Rárá" ni ọmọlúàbí yóò fi dáhùn. Nítorí náà, "No, not at all" ni ó tọ́.

Níbo ni ọ̀wọ̀ ń gbé?

Ọmọ Yorùbá kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́ nínú ìtọrọ àyè. Kí ènìyàn tó wọ ilé onílé, yóò ní "Àgò o!", títí wọn yóò fi dá a lóhùn pé "Àgò yà." Bí ó bá fẹ́ lọ, yóò ní "Ẹ jẹ́ kí n máa lọ." Ọ̀wọ̀ ti wà nínú "ẹ", ó ti wà nínú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀. Kò tún sí ohun tí ó kù tí ọ̀rọ̀-ìṣe ní láti ṣe.

Gẹ̀ẹ́sì ti sọ "ẹ" tirẹ̀ nù. Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 yóò rántí "thou", tí wọ́n ń lò fún ẹnì kan, nígbà tí "you" wà fún ènìyàn púpọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ láyé ìgbà náà, ẹni ọ̀wọ̀ pẹ̀lú ni wọ́n ń pè ní "you". Nígbà tí ó yá, "thou" kúrò lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, "you" sì di ti ọba àti ti ọmọdé. Lóde òní, ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni ọ̀wọ̀ ń gbé jù: "may", "could", "would". Bí a bá túmọ̀ "Ẹ jẹ́ kí n mu omi" sí "Let me drink water", "ẹ" ti bọ́ sọnù lọ́nà, ohun tí ó kù sì dàbí àṣẹ. "Please, may I drink some water?" ni ó dá ọ̀wọ̀ náà padà.

Níbi yìí, ọmọ Ìkọ̀yà ní ohun kan lọ́wọ́ tí ọmọ Ọ̀yọ́ kò ní. Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí Abíọ́dún Adétugbọ̀ ṣe ní ọdún 1967 lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá, ó tọ́ka sí i pé ní ẹ̀ka ti gúúsù-ìlà-oòrùn, tí Ìkálẹ̀ wà lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń dúró fún "ẹ" àti "wọ́n" ti Yorùbá àjùmọ̀lò. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe lọ ni a fi ń mọ ẹni tí à ń bá wí. Ọmọ tí ó ti ń sọ irú èdè bẹ́ẹ̀ láti kékeré ti mọ̀ pé arọ́pò-orúkọ kan lè ṣe iṣẹ́ méjì. Olùkọ́ lè ti ibẹ̀ gbé e lọ sórí "you". Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Bí a bá fẹ́ kọ̀

Nínú ìkọ̀sílẹ̀, Yorùbá ṣe kedere ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. "He may not come" ní ìtumọ̀ méjì: ó ṣeé ṣe kí ó má wá, tàbí a kò gbà á láàyè láti wá. Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀. "Ó lè má wá" ni ti àkọ́kọ́, "Kò lè wá" sì ni ti ìkejì. Ibi tí ìyísódì bọ́ sí ni ó fi ìyàtọ̀ hàn. Olùkọ́ tí ó bá kọ gbólóhùn méjèèjì yìí sí ojú pátákó ti ṣàlàyé ohun tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ wá kiri.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "kò gbọdọ̀" àti "kò pọn dandan". "You must not go" ni "O kò gbọdọ̀ lọ". "You don't have to go" ni "Kò pọn dandan kí o lọ". Ẹni tí ó bá da méjèèjì pọ̀ lè fi òfin de ẹni tí ó ní òmìnira. Bí olùkọ́ bá sì fẹ́ kọ̀ fún ọmọ tí ó tọrọ àyè, "No, you may not" ni ìdáhùn rẹ̀ ní kíkún. "Mayn't" kò sí lẹ́nu ènìyàn mọ́. "Can't" ní tirẹ̀ gba ìṣọ́ra, nítorí pé kóńsónáǹtì kì í parí ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹni tí ó bá gbé "t" ìparí mì, "can" ni wọn yóò gbọ́, àyè tí a kò fún ni yóò sì di èyí tí a fún ni.

Ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà

Fífi èdè méjì wé ara wọn kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé gírámà Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1966. Ní ọdún 1969, Ayọ̀ Bánjọ, tí ó padà di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó sì dolóògbé ní ọdún 2024, parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì wé Yorùbá. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, tí wọ́n sì ya Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lábẹ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì nítorí pé a fi Yorùbá kọ́ wọn. Ohun tí ó yẹ kí a mú níbẹ̀ lóde òní ni pé èdè ilé kì í ṣe ọ̀tá èdè ilé ìwé.

Nínú kíláàsì, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Èkínní, kí olùkọ́ bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè oníyìísódì ní Yorùbá, kí ó sì jẹ́ kí àwọn fúnra wọn sọ ohun tí "bẹ́ẹ̀ ni" túmọ̀ sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ó tó sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì, kí ó máa lo òótọ́ tí ojú rí. Kí ó gbé bírò sókè kí ó ní, "Isn't this a pen?" Kí ó gbé ìwé kí ó tún béèrè ìbéèrè kan náà. Ọmọ yóò rí i pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ olùkọ́ ni ó ń pinnu "Yes" tàbí "No".

Ẹ̀kẹta, kí ó má gba "Yes" tàbí "No" lásán lọ́wọ́ ọmọ, kí ó sì máa yí aṣèrànwọ́ padà lójijì, láti "is" sí "did", láti "did" sí "can", kí ìdáhùn má baà di orin àkọ́sórí.

Ẹ̀kẹrin, kí ìtọrọ àyè jẹ́ ti ojoojúmọ́. Bí ọmọ bá fẹ́ jáde, bí ó bá fẹ́ yá rọ́bà, bí ó bá fẹ́ pa fèrèsé dé, kí ó fi "may I" tàbí "could I" tọrọ rẹ̀, kí olùkọ́ náà sì dá a lóhùn ní kíkún. Ẹ̀kọ́ tí a bá ń lò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́ kò nílò ìnà kí ó tó wọ orí.

Kì í ṣe ilé gbogbo ọmọ ni wọ́n ti ń sọ Yorùbá o. Ní apá ibẹ̀ yẹn, àwọn Ìjọ́ Àrògbò kò jìnnà sí Ìkálẹ̀, ọmọ wọn sì lè jókòó ní kíláàsì kan náà. Èdè tí ọmọ bá gbé wá láti ilé ni kí a bá a bẹ̀rẹ̀.

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í gbé ilé rẹ̀ wọ inú èdè tuntun. Ọmọ ilẹ̀ Hóláńdì tí ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ní "mogen" fún àyè àti "kunnen" fún agbára, nítorí náà ìyàtọ̀ "may" àti "can" kì í ṣe àjèjì sí i. Ṣùgbọ́n òun náà ń bá "Yes, I do" jìjàkadì, nítorí "ja" lásán ti tó o nílé. Tiwa ni "bẹ́ẹ̀ ni" àti "ẹ". Ọmọ tí ó bá ní "Yes" níbi tí ó yẹ kí ó ní "No" kò yẹ fún pàṣán. Àlàyé ni ó yẹ fún, nítorí pé ó ti ní òfin kan lọ́wọ́ tí ó ń tẹ̀ lé dáadáa. Òfin kejì ni a kò tíì fi hàn án.